Ayálégbé Tuntun, Kọ́kọ́rọ́ Àtijọ́

Ẹni tó bá gba ilé tuntun ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ náwó lé. Yóò kun ògiri lọ́dà, yóò pe oníná kó wá yẹ wáyà wò, yóò pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré, yóò pe wòlíì tàbí àlùfáà wá gbàdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí kíátékà bá nà sí i ni yóò máa lò títí tí yóò fi kó jáde. “Méjì péré ló wà, ọ̀gá,” ni kíátékà yóò wí, kò sì parọ́ lójú ara rẹ̀, nítorí méjì ni ẹni tó kó lọ dá padà. Mélòó ni ẹni yẹn gé nígbà tó ń gbébẹ̀? Ó gé ọ̀kan fún ìyàwó, ọ̀kan fún àbúrò tó wá ṣe ìdánwò wọ yunifásítì, ọ̀kan fún ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń mú àwọn ọmọ bọ̀ láti iléèwé, òmíràn tún wà lọ́wọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá a bojú tó ilé nígbà tó rìnrìn àjò. Ẹlòmíràn ti gbé ilé náà ṣáájú rẹ̀, òun náà sì ní ìyàwó àti àbúrò. Ṣáájú gbogbo wọn ni káfíńtà tó gbé ilẹ̀kùn kọ́, òun ló kọ́kọ́ di kọ́kọ́rọ́ náà mú, kí a má tilẹ̀ tíì dárúkọ éjẹ́ǹtì tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ mú un káàkiri àdúgbò nígbà tó ń wá ẹni tí yóò gba ilé.

Èrò tèmi ni pé nígbàkúùgbà tí ayálégbé bá kó jáde, ojúṣe onílé ni láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé kí ẹlòmíràn tó kó wọlé, kí òfin sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lẹ́nu ọjà, tí faìsì kékeré wà níwájú rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ oríṣiríṣi so mọ́ wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń fura sí. Wọ́n ní òun ló ń gé kọ́kọ́rọ́ fún olè. Wọ́n ní kí ìjọba forúkọ irú wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó fi fáìlì kan idẹ. Bí a bá ṣe gbogbo ìyẹn lọ́la, ayálégbé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní sùn ní ààbò ju bó ṣe sùn lánàá lọ.

Ìran tó ṣáájú wa kò fi irin nìkan ṣọ́ dúkìá. Nínú agbo ilé, kò sí wákàtí tí ẹnìkan kì í sí nílé, ẹni tó bá sì wọlé tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà á bi í léèrè ta ló ń wá. Lóko, ẹni tó di igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà á fi ààlè sí i, bóyá ìgbálẹ̀ tó ti lò tán, ìkarahun ìgbín tàbí bàtà tó ti ya, ẹni tó ń kọjá lọ á sì mọ̀ pé ẹrù náà ní olówó àti pé ọwọ́ kì í kàn án láìjìyà. Ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ní nípa ara wọn ló ń ṣọ́ ẹrù. Nínú ilé onífúláàtì mẹ́fà ní Ògbà tàbí ní Bódìjà, tí gbogbo ará ilé ti jáde ní aago mẹ́fà ìdájí, tí aládùúgbò kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn jẹ́ àbúrò ẹni tó ń gbébẹ̀ tàbí àlejò, kò sí ìyá àgbà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù tó ń bi ènìyàn pé ta ni ọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì mọ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ìdáhùn yẹn jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé ń pè ní Yale gba orúkọ lára ìdílé kan ní Amẹ́ríkà. Linus Yale ọmọ ló gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí à ń lò dòní, ní àwọn ọdún 1860, orí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ló sì gbé e lé. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ fíìfíì, nítorí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ti ń fi igi ṣe irú rẹ̀. Nínú òpó idẹ kékeré tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sìlíńdà, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín wà tí sípíríǹgì ń tì wálẹ̀. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, gígùn wọn kò sì dọ́gba. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sókè. Bí gbogbo wọn bá dé ojú ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, sìlíńdà á yí, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí ọ̀kan péré bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù díẹ̀, kò ní yí. Nọ́ńbà márùn-ún, nígbà náà, ni kọ́kọ́rọ́ ilé wa jẹ́: bí eyín kìn-ín-ní ṣe jìn tó, bí èkejì ṣe jìn tó, títí dé ìkarùn-ún. Idẹ kàn jẹ́ ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí ni. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà náà ti ní kọ́kọ́rọ́, kódà bí kò bá tíì gé e. Kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè gba nọ́ńbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ti fi èyí hàn lójú gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì California tó wà ní San Diego gbé ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń fa ohun òkèèrè mọ́ra sórí òrùlé ilé kan, wọ́n ya àwòrán kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí tábìlì nísàlẹ̀, ní ibi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 195, kọ̀ǹpútà wọn sì ka eyín rẹ̀ láti inú àwòrán náà. Ní ọdún 2014, ìwé ìròyìn Washington Post tẹ àwòrán àwọn kọ́kọ́rọ́ tí àjọ TSA, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, fi ń ṣí àpótí èrò. Nígbà tó di ọdún 2015, àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe nílé. Ọ̀pọ̀ wa tó ń ti Èkó lọ sí Houston tàbí Atlanta ló ṣì ń fi irú àgádágodo yẹn ti àpótí tọkàntọkàn. Ẹ wá ro ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbalé, tí wọ́n na ìdì kọ́kọ́rọ́ síwájú, tí wọ́n yà á gedegbe, tí wọ́n gbé e sórí Facebook àti WhatsApp pé kí ọ̀rẹ́ bá àwọn yọ̀. A bá yín yọ̀ o. Ẹ ṣáà fi ọwọ́ bo eyín rẹ̀. Ní tiwa, kò tilẹ̀ dé orí ẹ̀rọ ayàwòrán: ọṣẹ ìfọṣọ ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ, kí ó dá a padà síbi tó wà, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Nọ́ńbà yìí kò tilẹ̀ pọ̀ tó bí a ṣe rò. Bí ọ̀pá márùn-ún bá wà nínú sìlíńdà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè wà ní ìwọ̀n mẹ́wàá, kọ́kọ́rọ́ 100,000 ló lè yàtọ̀ síra lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kì í lè lo gbogbo rẹ̀ tán. Bí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà olówó pọ́ọ́kú bá dín ìwọ̀n náà kù sí mẹ́rin, ó di 1,024. Ẹ wá wo kọ́kọ́rọ́ ọlọ́rùn gígùn tó wà lẹ́nu yàrá nínú àwọn ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ. Bí irin tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé nínú rẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n mẹ́ta, 27 ni gbogbo ohun tó lè jáde. Kó irú rẹ̀ sí ilé oníyàrá 20 láìṣà wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yàrá méjì ó kéré tán á máa fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣí. Ìdí nìyẹn tí ará ilé fi ń yá kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara wọn bí tiwọn bá sọnù, tí ilẹ̀kùn sì ń ṣí, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín pé Ọlọ́run ló yọ àwọn. Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn gbẹ lẹ́nu.

Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú gbogbo èyí? Iṣẹ́ tó gba ojú àti sùúrù ni. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣe é, yóò fi faìsì di kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n mú wá àti èyí tí kò tíì léyín pọ̀, yóò máa fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá wọ́n ti dọ́gba. Bí ó bá ní ẹ̀rọ, irin atọ́nà kan á máa tẹ̀lé eyín ti àkọ́kọ́, àgbá ìgérin á sì máa gé èkejì ní ọ̀nà kan náà. Ohun tó rí ló ń gé. Bí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n mú wá bá ti jẹ, jíjẹ rẹ̀ náà ni yóò gé síbẹ̀, bí wọ́n bá sì wá fi ẹ̀dà yẹn gé òmíràn, àṣìṣe á kún àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí à ń gbọ̀n nínú ilẹ̀kùn kó tó yí, ọmọ-ọmọ ẹ̀dà ni; ẹni tó bá gbọ́n á tọ́jú èyí tó bá àgádágodo wá láti inú páálí, á sì máa mú òun nìkan lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé kọ́kọ́rọ́ kò ní àdírẹ́sì lára. Oníṣẹ́ kò mọ̀ bóyá ti ilé ni, ti ṣọ́ọ̀bù ni, tàbí ti kọ́bọ́ọ̀dù. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ayálégbé tó gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta nígbà tó ń gbé inú ilé kò rú òfin kankan. Ilé rẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, NIN rẹ̀ pé. Ọjọ́ tó kó jáde ni ẹ̀dà wọ̀nyẹn tó di ewu, kò sì sí ìwé àkọsílẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn tó lè rí ọjọ́ yẹn ṣáájú.

Àwọn tó ń fẹ́ láísẹ́ǹsì máa ń tọ́ka sí òkè òkun. Ní Britain, kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ gba láísẹ́ǹsì. Ní California wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ní láísẹ́ǹsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ wà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ á ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, tí á sì gba ẹ̀dà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn kọ́kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé irú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ Amẹ́ríkà, ALOA, ti sọ pé ìtànjẹ lásán ni, nítorí ó ń fi onílé lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, àwọn kan ń ra irú èyí tó ní káàdì, tí oníṣẹ́ kò ní gé láìrí káàdì náà. Ó dára, ó sì gbówó lórí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé a lè béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ tiwa ni kí ó má gé kọ́kọ́rọ́ láti ara ọṣẹ tàbí láti inú fóònù. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́kọ́rọ́ á mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bí ó bá ti sọnù, á tú àgádágodo wá tàbí kí ó mú oníṣẹ́ lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń tẹ̀ lé èyí láìsí òfin, nítorí ẹni tó jókòó sójú kan náà lọ́jà láti ọdún dé ọdún mọ̀ pé òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wá bá.

Àtakò kejì ni pé olè òde òní kì í wá kọ́kọ́rọ́: ìbọn àti ọ̀pá irin ló ń mú wá. Òótọ́ ni ti adigunjalè. Ṣùgbọ́n ẹni tó já ilẹ̀kùn ti fi àmì sílẹ̀, a sì mọ̀ pé ará ìta ni. Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ wọlé kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ àfi ìfura. Owó ti lọ, góòlù ti lọ, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, fèrèsé kò fọ́. Ta ni à ń mú? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí àbúrò ìyàwó tí kò tíì ríṣẹ́, tàbí ìyàwó fúnra rẹ̀, bí ìjà bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe náà ní ibi tó ti bá a mu, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ó rọrùn láti fi rán aláìṣẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. A ti gbé e lé orí pé ará ilé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, a kò sì bi ara wa léèrè rí bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Òfin kò tilẹ̀ fara mọ́ ìyàtọ̀ tí à ń ṣe. Abala 410 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka fífi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó ń jẹ́ fífọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ka títì í ṣí tàbí fífà á ṣí. Iléeṣẹ́ adójútòfò ni kì í rí i bẹ́ẹ̀: ìwé àdéhùn wọn lórí olè jíjà sábà máa ń béèrè àmì pé wọ́n fi agbára wọlé, ẹni tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ jà lólè á sì máa wá àmì tí kò sí.

Àwọn ìlú mìíràn ti ronú dé ibi tí mo ń sọ. Ní ìpínlẹ̀ Texas, abala 92.156 nínú òfin dúkìá wọn pàṣẹ fún onílé pé kí ó yí inú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn padà, lówó ara rẹ̀, kí ọjọ́ keje tó kọjá lẹ́yìn tí ayálégbé bá pààrọ̀. Ní Illinois, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012 fún agbègbè Cook, níbi tí Chicago wà, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé gbọ́dọ̀ ti ṣe é nígbà tí ayálégbé tuntun bá ń gbalé. Bí kò bá ṣe é, tí olè sì tìtorí bẹ́ẹ̀ wọlé, òun ni yóò san àdánù náà. Wọ́n yọ àwọn ilé kéékèèké sílẹ̀, àwọn tí kò gbà ju ìdílé mẹ́rin lọ tí onílé fúnra rẹ̀ sì ń gbé inú rẹ̀. Nínú òfin méjèèjì, kò sẹ́ni tó ní kí onílé lọ wá iye ẹ̀dà tó wà níta. Wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sọ gbogbo ẹ̀dà náà di idẹ lásán ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní tiwa, Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí ní ọdún 2011, ti fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu, kí òun nìkan sì ni ín, àyàfi ẹ̀tọ́ díẹ̀ tí onílé ní láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Báwo ni ilé ṣe lè jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo nígbà tí ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ rí lè ṣí i lọ́sàn-án gangan? Gbólóhùn kan péré ni mo ń béèrè fún nínú òfin yẹn àti nínú irú rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù: kí onílé pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àbáwọlé kí ó tó gbé ilé fún ẹni tuntun, bí kò bá sì ṣe é, kí ó dáhùn fún ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde. Òfin Èkó yẹn kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ibẹ̀, ìwé àdéhùn ni kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sí.

Lánlọ́ọ̀dù á béèrè pé owó dà. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ti gba owó ìwé àdéhùn àti owó kọ́ṣọ̀n pẹ̀lú owó ilé, éjẹ́ǹtì sì ti gba kọmíṣọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn irin àti ilẹ̀kùn onígi tuntun, síkúrù kan ṣoṣo ló di sìlíńdà mú láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Tú síkúrù náà, ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, yí i díẹ̀, sìlíńdà á yọ, tuntun á wọlé sípò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí ìdí láti já gbogbo rẹ̀ dànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn káfíńtà kan á ní àfi bẹ́ẹ̀. Ti ọlọ́rùn gígùn ni a ní láti yọ lódindi, òun náà ló sì dínwó jù. Onílé tó ní ilé méjì tilẹ̀ lè gbé ti ìhín lọ sí ọ̀hún, kí ó gbé ti ọ̀hún wá sí ìhín. Kó má ṣáà jẹ́ láti yàrá kan sí èkejì nínú ilé kan náà, nítorí ẹni tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́ lè rìn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn títí yóò fi bá a. Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, kí ayálégbé kọ lẹ́tà láti gba àṣẹ, kí ó ra sìlíńdà tirẹ̀, kí ó tọ́jú ti onílé sínú ọ̀rá, ọjọ́ tó bá ń kó lọ ni kí ó dá a padà sípò, kí tirẹ̀ sì bá a lọ sí ilé tuntun. N kò dárúkọ géètì ìta. Kọ́kọ́rọ́ géètì tí ìdílé mẹ́fà jọ ń lò kò lè jẹ́ àṣírí láéláé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn tán an.

Àtakò tó wúwo jù lójú tèmi ni ti onílé tó ní bí páìpù bá bẹ́ nígbà tí ayálégbé wà ní ìrìn àjò ńkọ́, ṣé kí omi wó ilé lulẹ̀ ni? Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn. Kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ onílé, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí ayálégbé fọwọ́ sí lójú ibi tí wọ́n lẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ṣí i, yóò hàn, onílé á sì wí ìdí. Ohun tí kò yẹ kó wà ni ìdì kọ́kọ́rọ́ gbogbo fúláàtì tó ń rọ̀ sórí ìṣó nínú yàrá kíátékà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, níbi tí ọmọ kíátékà àti àlejò rẹ̀ ti ń kọjá. Ìdì yẹn ni ilé gan-an. Ní ti iná, ẹni tó bá rí èéfín kò gbọ́dọ̀ dúró wá àpòòwé. Kí ó já ilẹ̀kùn.

Àwọn kan á ní kí a kúkú bọ́ sórí ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tàbí èyí tó ń mọ ìka. N kò lòdì sí i fún ẹni tó lágbára rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ayálégbé àná mọ̀, tí kò sẹ́ni tó yí i padà, kò yàtọ̀ sí ẹ̀dà tó wà nínú àpò rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbówó lórí á kàn wà lọ́wọ́ àlejò àtijọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé Houston, ní Texas yẹn kan náà, àwọn kan nínú wọn sì ní ilé tí wọ́n ń yá ènìyàn níbẹ̀ àti ní Ìkòròdú tàbí Ìbàdàn. Èyí tó wà ní Houston, òfin kò jẹ́ kí ọjọ́ méje kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pe oníṣẹ́, wọn kì í sì í ráhùn, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ara ìnáwó ilé ni. Ní ti èyí tó wà nílé, kíátékà ló ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, tó ń kó o fún ẹni tó ń bọ̀. Irú onílé bẹ́ẹ̀ kò nílò kí aṣòfin kankan jókòó kí ó tó pe kíátékà lórí fóònù, kí ó fi owó sìlíńdà ránṣẹ́, kí ó sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kéde pé ilé ti ṣófo títí sìlíńdà tuntun yóò fi wọlé sí ilẹ̀kùn.